Ìdọ̀bálẹ̀ Nínú Ilé Ọtí

Nígbà tí mo ń ṣiṣẹ́ ní Ring Road, tó bá ti di ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀, kò sẹ́ni tó ń lọ sílé tààrà ní ọ́fíìsì wa. Ilé ọtí kan ní Challenge là ń gbà lọ, a ó jókòó sórí àga onírọ́bà tí oòrùn ọ̀sán ti yan. Ọ̀gá wa, obìnrin tí kì í mu ju málítì lọ, ló ṣòfin pé ẹni tó bá dárúkọ iṣẹ́ ni yóò ra àsun. Èmi ni mo sábà máa ń rà á, torí ẹnu mi kì í dilẹ̀. Mo gbádùn àwọn ìrọ̀lẹ́ yẹn, n kò ní purọ́. Ìgò méjì péré ni mo ń mu. Ẹ̀rín ló ń pa mí ju ọtí lọ.

Wàhálà mi ni pé ọmọ díákónì ni mò ń fẹ́. Bàbá náà, ará Òkè-Ògùn tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ti sọ fún mi ní pálọ̀ wọn ní Bódìjà pé àwọn ò ní fi ọmọ àwọn fún ọ̀mùtí. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Kí ni ǹ bá tún sọ?

Jímọ̀ kan, bí mo ṣe gbé ife sẹ́nu tí mo bojú wẹ̀yìn, bàbá ni mo rí nídìí tábìlì kejì, àwọn àti ọ̀rẹ́ wọn kan, ìgò ọtí dúdú níwájú wọn. Ẹni tó jókòó tì mí ti ń tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ pé kí n yọ́ gba ẹ̀yìn jáde. Àmọ́ ẹ̀kọ́ ilé kì í bèèrè lọ́wọ́ ẹni. Kí n tó mọ̀, mo ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí sìmẹ́ńtì.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, sà! Díákónì, ẹ kú ìgbádùn!"

Oyè ìjọ, nínú ilé ọtí, lóhùn òkè! Gbogbo ibẹ̀ yíjú sí wa. Ojú tì mí débi pé n kò lè dìde.

"Dìde, jàre," ni bàbá wí. "Ṣé kí gbogbo Ìbàdàn gbọ́ ni? Jókòó síbí."

Mo jókòó, mo ń retí ìdájọ́. Wọ́n rọra mu díẹ̀, wọ́n nu ẹnu.

"Mo ti rí ẹ látìgbà tẹ́ ẹ ti wọlé. Mo ń wò ó bóyá wàá sá ni."

Wọ́n sún mọ́ mi, wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ìyá ìyàwó ẹ ò gbọdọ̀ gbọ́ o."

Ìyá ìyàwó mi! Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé ìgò mi sórí tábìlì wa.