Bí Àwa Nọ́ọ̀sì Ṣe Gba Ìbò Wa Padà ní Kàdúná

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Kàdúná lè rò pé ó ti pẹ́ tí nọ́ọ̀sì ti lẹ́nu nínú ẹgbẹ́ wa. Rárá o. Mo ti lé lógójì ọdún, fóònù sì ti dé ọwọ́ gbogbo ènìyàn, kí a tó gba ẹ̀tọ́ yẹn.

Ẹgbẹ́ náà kì í ṣe ti òṣèlú. Àwa tí à ń bójú tó oúnjẹ àwọn aláìsàn tí kò lè gbé nǹkan mì la dá a sílẹ̀: dókítà, nọ́ọ̀sì, apòògùn àti àwọn onímọ̀ oúnjẹ. Òfin rẹ̀ la sì ń tẹ̀ lé nílé ìwòsàn. Rọ́bà tín-ín-rín ni à ń tì gba ihò imú aláìsàn dé ikùn, ibẹ̀ ni oúnjẹ olómi ń gbà wọlé. Bí rọ́bà náà bá ṣìnà wọ ẹ̀dọ̀fóró, oúnjẹ yẹn lè pa á.

Ohun tó dá ìjà wa sílẹ̀ nìyí. Àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu bàbá kan, télọ̀ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń gbé ní àdúgbò Mahuta, wọ́n sì gbé e wá sí wọ́ọ̀dù mi. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo rí i tó ń wúkọ́, àmì tí mo fi sára rọ́bà rẹ̀ sì ti sún kúrò létí imú. Dókítà kékeré kan ní kí n bu oúnjẹ sí i. Mo ní mi ò bu.

"Sísítà, ta ni dókítà nínú àwa méjèèjì?"

"Ẹ̀yin ni, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká ya fọ́tò àyà rẹ̀ ná."

Fọ́tò dé, ẹ̀dọ̀fóró ni ẹnu rọ́bà wà. Bàbá yè. Síbẹ̀, èmi ni wọ́n fún ní ìwé wá-wí-tẹnu-rẹ, pé mo ṣàìgbọràn.

Ladi, ọ̀gá nọ́ọ̀sì tí a jọ ń ṣiṣẹ́, ka ìwé náà. Kì í ṣe Yorùbá, àmọ́ àdúgbò Kabala Costain ló dàgbà sí láàárín àwọn Yorùbá, ó gbọ́ èdè wa dáadáa. Ó ní, "Haba, Màmá Bísí! Èyí ò lè máa lọ bẹ́ẹ̀."

Ó jáde du ipò alága ẹgbẹ́, kó lè ṣe òfin pé nọ́ọ̀sì lè dá oúnjẹ dúró títí a ó fi mọ ibi tí rọ́bà wà. Alága ìgbà náà, dókítà àgbà kan ní àdúgbò Ungwan Rimi, ló ń bá a du ipò. Kì í ṣe ènìyàn burúkú, òun ló kọ́ púpọ̀ nínú wa níṣẹ́. Àmọ́ kò fẹ́ gbọ́ pé nọ́ọ̀sì lè kọ ọ̀rọ̀ dókítà.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìdìbò, a dé gbọ̀ngàn, kò sí orúkọ nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo nínú ìwé olùdìbò. Àwọn tó mú ìwé náà lọ́wọ́ ní ọmọ ẹgbẹ́ ni wá lóòótọ́, ṣùgbọ́n a ò lẹ́tọ̀ọ́ sí ìbò. Ladi ò pariwo. Ó kàn dìde dúró. Èmi náà dìde. Kí a tó mọ̀, gbogbo nọ́ọ̀sì ti wà lórí ìdúró, àwọn onímọ̀ oúnjẹ náà bá wa dúró.

"Ẹ jókòó ká ráyè ṣèpàdé," alága wí.

"Tí a bá rí orúkọ wa, a ó jókòó, sà," Ladi dáhùn.

A dúró títí oòrùn fi kan àtàrí. Apòògùn àgbà tó ń darí ìdìbò, tí à ń pè ní Bàbá Kabba, ka ìwé òfin ẹgbẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Mi ò rí ibi tí wọ́n ti yọ nọ́ọ̀sì kúrò o. Ẹni tó bá rí i, kó fi hàn mí."

Ó pa ìwé náà dé.

"Ó dáa. Ẹ tò sẹ́yìn ẹni tí ẹ fẹ́, kí gbogbo ojú rí i."

A tò. Ìlà Ladi gùn dé ẹnu ọ̀nà, ó yọ síta. Alága wo ìlà méjèèjì, ó rìn wá bọ Ladi lọ́wọ́. "Ẹ kú oríire. Ẹ ṣe é dáadáa." Mo jókòó sórí símẹ́ńtì lásán, mo bọ́ bàtà, mo mí kanlẹ̀, mo sì bú sẹ́rìn-ín bí ọmọdé.

Òfin náà wọlé ní ìpàdé tó tẹ̀ lé e. Nọ́ọ̀sì lè sọ pé rárá báyìí, kó sì lọ sílé láìbẹ̀rù. Ìgbéga tèmi pẹ́ nítorí ìwé wá-wí-tẹnu-rẹ yẹn, dókítà àgbà ò sì wá sípàdé wa mọ́. Mo ṣàárò ìmọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò kábàámọ̀.

Ohun tó kù ni àwọn aláìsàn tí wọ́n ń dá padà sílé pẹ̀lú rọ́bà nímú, láìkọ́ ẹnikẹ́ni nílé bí yóò ṣe tọ́jú rọ́bà náà. Lóṣù tó kọjá, obìnrin kan pè mí: "Mọ́mì, rọ́bà ìyá mi ti yọ díẹ̀. Ṣé kí n tì í padà?" Mo ní kó má fọwọ́ kàn án, kó gbé wọn wá. Ó gbé wọn wá, a tún un ṣe, ìyá ń bẹ láyé. Àmọ́ ẹni tí kò ní nọ́ńbà ẹnikẹ́ni tí yóò pè ńkọ́? Ẹ̀yin ni mo fi ìyẹn lé lọ́wọ́.