Kámẹ́rà Tó Rí Amirah Gbẹ̀yìn

Pákó ni Lááwàlì ń tà ní ọjà Katako ní Jọ́ọ̀sì. Ìlọrin ni bàbá rẹ̀ ti wá, ṣùgbọ́n Jọ́ọ̀sì ni wọ́n bí òun sí. Ìyàwó rẹ̀ kú nígbà tí Amirah, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà. Kò fẹ́ ẹlòmíràn. Òun fúnra rẹ̀ ló ń di irun fọ́mọ náà, àwọn obìnrin àdúgbò a sì máa fi í ṣẹ̀fẹ̀.

Lóṣù kẹjọ ọdún tí Amirah pé ogún ọdún, òjò rọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́ lọ́jọ́ kan. Amirah kúrò ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń kọ́ iṣẹ́ aránṣọ ní Terminus, láàárín ìgboro, kò sì délé. Lááwàlì wá a dé ọ̀dọ̀ gbogbo ọ̀rẹ́ rẹ̀. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ọlọ́pàá kan mú un lọ síbi tí wọ́n ti ń wo kámẹ́rà ìgboro. Obìnrin Ògbómọ̀ṣọ́ kan tó ń jẹ́ Motún ló jókòó síwájú àwọn ẹ̀rọ náà.

"Kí ló wọ̀, Bàbá?"

"Híjáàbù aláwọ̀ ewé. Ó gbé báàgì dúdú."

Motún dá àwòrán padà sẹ́yìn. Ó pẹ́ kí wọ́n tó rí i. Amirah dúró nínú òjò, ó fi báàgì bo orí, ó ń rẹ́rìn-ín sí ẹnì kan tí kámẹ́rà kò mú. Kẹ̀kẹ́ Márúwá kan dúró, ó wọ̀ ọ́. Motún ń tẹ̀lé kẹ̀kẹ́ náà láti kámẹ́rà kan bọ́ sí òmíràn, títí ó fi rí i pé àgbàrá dí títì, tí awakọ̀ sì yà sọ́nà ẹ̀yìn, lẹ́bàá kòtò ìwakùsà àtijọ́ kan tó ti di adágún. Kò sí kámẹ́rà níbẹ̀. Ó wo èyí tó wà níbi tí ọ̀nà náà ti jáde. Kẹ̀kẹ́ náà kò jáde.

Motún gbé rédíò. "Ẹ lọ wo inú adágún yẹn."

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni wọ́n gbé òkú Amirah àti ti awakọ̀ jáde nínú omi. Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti sin ọmọ náà.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Lááwàlì padà wá.

"Mo fẹ́ rí ọmọ mi lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo ní fọ́tò rẹ̀, ṣùgbọ́n fọ́tò kì í mira."

Òfin iṣẹ́ kò gbà á, síbẹ̀ Motún fún un ní àga. Lááwàlì wo àwòrán náà lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Nígbà kẹrin, bí kẹ̀kẹ́ ṣe ń bọ̀, ó na ọwọ́.

"Dá a dúró níbẹ̀. Má jẹ́ kó wọ̀ ọ́."

Motún dá a dúró.

Nígbà tí Lááwàlì tún wá, oṣù kan ti kọjá.

"Bàbá, ẹ má bínú. Ọgbọ̀n ọjọ́ péré ni ẹ̀rọ fi ń tọ́jú àwòrán. Ó ti pa á rẹ́."

"Kò burú. Ọlọ́run ló ni í."

Ó jókòó síbẹ̀ títí obìnrin kan fi wọlé, tó ń wá ọkọ rẹ̀. Lááwàlì dìde, ó sì sún àga fún un.