Ajẹ́ńtì Tó Ń Bẹ̀rù Ilé

Gbogbo Ìkòtún ló mọ ìtàn bàtà olóògbé Alàgbà Henry, ṣùgbọ́n Àmínát nìkan ló wà níbẹ̀ nígbà tó ṣẹlẹ̀, torí náà bó ṣe sọ ọ́ la ó ṣe gbà á. Ọ̀sán gangan ni. Alàgbà Henry, ajẹ́ńtì ilé tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, mú un lọ wo ilé oníyàrá méjì kan ní Ìgandò. Ilé náà ṣófo, àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ti kó jáde. Síbẹ̀ bàbá kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mẹta, ó tẹrí ba, ó ní, "Ẹ kú ilé o. Àlejò ni wá, a ò ní í pẹ́."

Ohùn obìnrin kan dáhùn jẹ́jẹ́ láti inú yàrá. "Ẹ máa wọlé. Mo ti ń retí yín."

Àmínát ní òun ò rí ìgbà tí bàbá yí padà. Bàtà rẹ̀ ti ẹsẹ̀ òsì ni òun rí lẹ́nu ọ̀nà, kí òun náà tó bẹ́sẹ̀ òun sọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n onílé ni obìnrin yẹn, aládùúrà tó ń gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta níbi tí ariwo ò sí. Ó fẹ́ dá bàtà padà, ló bá gbé e lọ́wọ́, ó sáré tẹ̀ lé wọn nínú sùtánà funfun. Ibùdókọ̀ ni wọ́n sá dé.

Ajẹ́ńtì Ojo ni wọ́n ń pè é lẹ́yìn. Ó ń bẹ̀rù ajá, ó ń bẹ̀rù àtẹ̀gùn tí kò ní ọwọ́ ìdìmú, ó sì ń bẹ̀rù onílé tó bá ti ń rẹ́rìn-ín jù. Bó bá rí ògiri tí wọ́n kọ "Ilé yìí kì í ṣe títà" sí, á bọ́ sí òdìkejì títì, á ní ìjà ẹbí ń bẹ nínú ilé náà. Ẹ sọ fún mi, irú ajẹ́ńtì wo nìyẹn?

Òun ṣá ni Àmínát rí. Onílé rẹ̀ ní Ẹ̀gbẹ́dá fẹ́ wó ilé kọ́ ṣọ́ọ̀bù, ó sì ti fún un di ìparí oṣù. Bí kò bá rí yàrá, àwọn ẹbí ọkọ rẹ̀ tó ti kú ti ṣèlérí pé àwọn á wá mú Mọ̀dínátù, ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́fà, lọ sí Ìsẹ́yìn. Àmínát mọ̀ wọ́n. Wọn kì í dá ọmọ padà. Ẹ̀rù yìí ló ń bá sùn, òun ló ń bá jí.

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n rí ilé kan ní Ìṣẹ̀rí-Olófin. Táìlì tuntun ń dán ní pálọ̀, owó rẹ̀ ò sì ga. Mọ̀dínátù bẹ̀rẹ̀ sí í fò sókè sódò lórí táìlì náà, ilẹ̀ ń dún gbì, gbì. Onílé ń rẹ́rìn-ín. Alàgbà Henry ò kọjá ẹnu ọ̀nà.

"Ta ló kó jáde níbí?" ló bi onílé.

"Kí lẹ fẹ́ fi ìyẹn ṣe? Ó ti lọ sí Shasha, ẹ̀wà ló ń tà."

Bàbá yíjú sí Àmínát. "Ẹ má tíì sanwó o. Ẹ jẹ́ ká rí ẹni yẹn ná. Àyà mi ń já."

"Bàbá, wọ́n fẹ́ gba ọmọ lọ́wọ́ mi. Tí àyà yín bá ń já, ẹ lọ lo oògùn jàre."

"Mo ti lò ó láàárọ̀," ni bàbá wí.

Bí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe rí nìyẹn. Kì í gbowó ilé láìjẹ́ pé ó bá ẹni tó kó jáde sọ̀rọ̀, bó ti wù kí ibi tónítọ̀hún kó lọ jìnnà tó. Ọjọ́ kan gbáko ni wọ́n fi wá ẹlẹ́wà ní Shasha. Alábàárù kan gbé àpò mẹ́ta bọ̀, ó ń pariwo "ẹ yà," bàbá sì sá wọ ìsọ̀ aláta, ó ń bẹ onítọ̀hún pé kó má bínú. Ibẹ̀ gan-an ni aláta ti nawọ́ sí Abigail, ẹlẹ́wà tí wọ́n ń wá, tó ń tẹ́ ẹ̀wà rẹ̀ nítòsí.

"Ilé yẹn?" ni Abigail wí. "Ṣé ẹ ti sanwó?"

"Rárá," ni Àmínát dáhùn.

Abigail gbé kóńgò ẹ̀wà sílẹ̀. "Orí ṣálángá àtijọ́ ni wọ́n kọ́ pálọ̀ yẹn lé. Pákó ni wọ́n fi bò ó, wọ́n wá da sìmẹ́ńtì fẹ́lẹ́ sí i. Báyọ̀dé ọkọ mi ń gbé bẹ́ẹ̀dì kọjá, ilẹ̀ gbé e mì dé itan. A rí i fà jáde. Ẹsẹ̀ ẹ̀ ò kan nǹkan kan nísàlẹ̀ o. Ọjọ́ kejì ni onílé lẹ táìlì lé e."

Àmínát rántí ọmọ rẹ̀ tó ń fò. Ó jókòó sórí àpò ẹ̀wà. Alàgbà Henry jókòó tì í. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ẹ̀rù ń ba èmi náà, Ìyá Mọ̀dínátù," ló sọ, "ṣùgbọ́n ẹ ò ní í sùn síta."

Nígbà tí ọjọ́ pé, yàrá méjì tó wà lẹ́yìnkùlé tirẹ̀ ló kó wọn sí. Wọ́n lo ọdún mẹ́rin níbẹ̀, kò sì sí ẹni tó wá mú ọmọ lọ sí ibì kankan.

Bàbá kú lọ́dún tó kọjá, lórí àga rẹ̀, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Níbi ìsìnkú wọ́n ń sọ ìtàn bàtà, ọ̀rọ̀ náà pa Àmínát lẹ́rìn-ín títí ó fi ń dì mọ́ àga.

Lóṣù tó kọjá ó lọ wo ilé kékeré kan tó fẹ́ rà. Olúwadọ̀tun, ajẹ́ńtì ọ̀dọ́, ṣílẹ̀kùn, ó wọlé tààrà, ó ń fi ẹsẹ̀ kilẹ̀ káàkiri. "Kò sí wàhálà rárá, ma. Ọkàn mi balẹ̀ sí ilé yìí."

Àmínát dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò lè wọlé. Àárò bàbá sọ ọ́ lójijì, ó sì bú sẹ́kún. Olúwadọ̀tun ń bi í pé kí ló dé, ṣùgbọ́n Àmínát ò mọ bí òun á ṣe ṣàlàyé fún un pé òun ò rí ẹni bá òun bẹ̀rù mọ́.