Ohùn Tó Wà Lẹ́yìn Àga

Ní Sátidé tó kọjá, mò ń ti ọ̀dọ̀ alápatà bọ̀, àpò ẹran méjì lọ́wọ́ mi, nígbà tí ọmọbìnrin òyìnbó kan tó wọ ẹ̀wù aláwọ̀ ọsàn na ọwọ́ dí mi lọ́nà. Wọ́n ń ya fíìmù ládùúgbò wa. Wọ́n ti gbé iná ńláńlá ti fèrèsé ilé kan nítòsí Valence Park, ní ọ̀sán gangan, bí ẹni pé ìmọ́lẹ̀ tí Ọlọ́run fún Dagenham ní London níbí kò tó wọn. Ọmọ náà ní kí n dákun, kí n fún àwọn ní ìṣẹ́jú méjì. Mo ti fẹ́ jágbe mọ́ ọn, torí yìnyín ti ń yọ́ lára ẹran mi, kí òórùn kan tó kọ lù mí nímú: eruku tó ń jóná lára gílóòbù. Ó fẹ́ jọ ti áyọ́ọ̀nù tí èèyàn gbàgbé sórí aṣọ. Ọmọ náà ti ní kí n máa lọ tipẹ́, mo ṣì dúró síbẹ̀.

Ọmọ ọdún méjìlá ni mí nígbà tí òórùn yẹn wọ ilé wa. Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin olùtọ́jú arúgbó, ẹ̀yin ọmọ yunifásítì, tí ẹ rò pé ẹ̀yin lẹ gbé Yorùbá wọ Becontree, ẹ ṣe é jẹ́jẹ́. A ti wà níbí kí ẹ tó dé. Ilé kánsù, ilé tí ìjọba ìbílẹ̀ fi ń háyà, là ń gbé. Ọ̀ṣọ́ pálọ̀ wa ni àga gbọọrọ kan tí ọ̀rá bò, ọ̀rá tí wọ́n fi dì í wá láti ṣọ́ọ̀bù, tí bàbá mi búra pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ya. Bí o bá jókòó sí i nígbà ooru, itan rẹ á lẹ̀ mọ́ ọn, bí o bá dìde, gbogbo ilé á gbọ́. Ìjọ Aládùúrà là ń lọ, nítorí náà lọ́jọ́ Sátidé, sùtánà funfun ló máa ń kún okùn aṣọ wa lẹ́yìnkùlé. Ìyá òyìnbó tó múlé tì wá bi màámi lọ́jọ́ kan bóyá iṣẹ́ búrẹ́dì ni gbogbo wa ń ṣe. Màámi ní bẹ́ẹ̀ ni. Láti ọjọ́ náà ni ìyá yẹn ti ń retí búrẹ́dì lọ́wọ́ wa.

Màámi, Mojísọ́lá lorúkọ rẹ̀, òṣèré ni kó tó di ẹni tó ń nu ọ́fíìsì àwọn ẹlòmíràn ní ìdájí. Kó tó fẹ́ bàbá mi, ó ti tẹ̀lé ẹgbẹ́ tíátà alárìnkiri kan fún ọdún méje, láti Abẹ́òkúta dé Ìkàrẹ́. Ẹ̀yin ò mọ àṣà àwọn ọ̀gá tíátà ìgbà náà. Wọn a máa fẹ́ àwọn obìnrin inú ẹgbẹ́ wọn. Àlàyé tí wọ́n ń ṣe ni pé bí ọkọ ìta bá gbé òṣèré lọ, eré dàrú nìyẹn. Obìnrin tó bá gbà fún ọ̀gá, òun ni ayaba lórí ìtàgé. Èyí tó bá kọ̀, ẹrù aṣọ ni yóò máa dì. Màámi kọ̀. Ó di ẹrù aṣọ fún ọdún kan gbáko, lẹ́yìn náà ó di tirẹ̀, ó lọ. Ẹ̀rín ló máa ń fi sọ ìtàn yìí nígbà tó bá ń dirun fún mi, ṣùgbọ́n bó bá ti dé ibẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ a le sí mi lórí.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, Bùọ̀dá Láńre pè láti Èkó. Inú ẹgbẹ́ yẹn lòun náà ti bẹ̀rẹ̀. Màámi ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń rìn níwájú èrò tí ẹsẹ̀ kò fi ní gbọ̀n. Ó ti wá di olùdarí fíìmù, ọ̀gá ńlá. Ó fẹ́ wá ya fíìmù ní London, ilé wa ló sì fẹ́ lò. Ìtàn ọmọbìnrin kan ni, tí ọkọ rẹ̀ mú wá sí London tó sì tì í síta. Ìyá ọmọ náà yóò wá láti ilé, yóò ko àwọn àna lójú níbi ìpàdé ẹbí.

"Àǹtí mi, ẹ̀yin nìyá yẹn," ó ní. "Bí kì í bá ṣe ẹ̀yin, mi ò ya á mọ́."

Háà, ẹ bá ti rí màámi! Orin ló fi ń gbálẹ̀, orin ló fi ń jí wa. Ìwé tí Bùọ̀dá Láńre fi ránṣẹ́, ìlà mẹ́rin péré ló fún ìyá yẹn. Màámi kà á, ó pòṣé, ó ní ta ló ń bá àna jà bí ẹni ń ka ìfilọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì? Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í hun tirẹ̀ nídìí abọ́ tó ń fọ̀. Èmi ni mo máa ń jókòó gẹ́gẹ́ bí àna. Títí dòní, mo mọ̀ ọ́n lórí:

"Èmi ni mo lóyún rẹ̀. Èmi ni mo rọbí rẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Ọjọ́ tí ẹ wá tọrọ rẹ̀, ẹ dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ẹ ò sọ pé ẹrú lẹ wá rà. Bó bá ti sú yín, ẹ dá a padà síbi tí ẹ ti dọ̀bálẹ̀."

Bó bá dé gbólóhùn ìkẹyìn yẹn, kì í pariwo. Ohùn rẹ̀ a lọ sílẹ̀ ni. Èmi tí mo jẹ́ àna lásán, ara mi a máa bù máṣọ. Bùọ̀dá Láńre gbọ́ ọ lórí fóònù, ó ní kò sí irú ẹ̀, kí màámi kọ ọ́ sílẹ̀ fóun.

Èèyàn mẹ́sàn-án ló dé, ọkùnrin mẹ́jọ àti ọmọbìnrin tó ń ṣe ìyàwó. Màámi gba ìsinmi níbi iṣẹ́. Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, ìdí ìkòkò ló wà. Ó ní kò burú, ọjọ́ kẹta ni tòun. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta, ó wé gèlè, ó jókòó sórí ọ̀rá àga yẹn, kò jẹ, kò mu. Bùọ̀dá Láńre wá lóṣòó tì í.

"Àǹtí mi, ẹ má bínú sí mi. Àwọn tó gbé owó sílẹ̀ l'Ékòó ló sọ ọ́, kì í ṣe èmi. Wọ́n ní obìnrin tó bá ń sọ irú ọ̀rọ̀ báyìí, àwọn tó ń ra kásẹ́ẹ̀tì á ní àjẹ́ ni. Ẹ jẹ́ ká fi í fún bàbá ìyàwó. Ẹ̀yin náà á wà níbẹ̀ o! Ẹ á kúnlẹ̀, ẹ á máa sunkún."

Ta wá ni bàbá ìyàwó? Bàbá Akọrin ni, ẹni tó ń fi ohùn ìsàlẹ̀ kọrin ní ìjọ wa, tó ń fi mọ́tò kérò lójú títì Longbridge, tó kàn yà wá jẹun lọ́jọ́ kejì. Kò ṣeré rí láyé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó nírùngbọ̀n.

Màámi wo bàbá mi. Bàbá mi ń wo tẹlifíṣọ̀n tí ẹnikẹ́ni ò tan.

Kò tíì tán o. Bàbá Akọrin ò lè há ọ̀rọ̀ náà sórí. Ó gbìyànjú títí, ó ń kà á ṣáá bí ọmọ ilé-ìwé. Ni Bùọ̀dá Láńre bá ní kí màámi wọ ẹ̀yìn àga, kó máa sọ ọ́ sí i létí ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, òun ló kúkú mọ̀ ọ́n. Màámi fẹ̀jẹ̀ sínú, ó tutọ́ funfun jáde. Ó wọ ẹ̀yìn àga, ó lóṣòó pẹ̀lú gèlè lórí. Ìyípadà kan ṣoṣo ni Bùọ̀dá Láńre ṣe: wọn ò ní í sọ pé "èmi ni mo lóyún rẹ̀" mọ́, "ìyá rẹ̀ ló lóyún rẹ̀" ni kí wọ́n wí. Wọ́n tan iná. Màámi sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, Bàbá Akọrin bá gbé ohùn ńlá rẹ̀ jáde:

"Èmi ni mo lóyún rẹ̀! Èmi ni mo rọbí rẹ̀ fún ọjọ́ méjì!"

Ilé dàrú. Ẹ̀rín mú kí ẹni tó gbé kámẹ́rà jókòó sílẹ̀. Bùọ̀dá Láńre nìkan ni ò rẹ́rìn-ín. "Àǹtí, ẹ má bà mí níṣẹ́ jẹ́." Màámi ní òun gbàgbé ni. Mi ò gbà á gbọ́ lọ́jọ́ náà, mi ò sì gbà á gbọ́ dòní.

Wọ́n tún un yà, ó sì sọ ọ́ bí wọ́n ṣe fẹ́. Ó wá ku ẹkún. Màámi jáde láti ẹ̀yìn àga, ó dúró gbagidi.

"Mi ò sunkún," ó ní. "Ta ló kú?"

Wọ́n bẹ̀ ẹ́, wọ́n rọ̀ ọ́. Iná ń gbóná, ọ̀rá ara àga ti ń rọ̀, eruku ń jó lára gílóòbù. Mẹ́ta nínú àwọn ọmọ kíláàsì mi ti wá lẹ imú mọ́ fèrèsé. Ojú ń tì mí. Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́: ìyá mi ló ń tì mí lójú, kì í ṣe Bùọ̀dá Láńre, kì í ṣe Bàbá Akọrin. Mo lọ bá a, mo di ìró rẹ̀ mú.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kàn sunkún kí wọ́n máa lọ."

Ó wò mí. Kò sí ìbínú lójú rẹ̀. Ì bá sàn kó wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló kúnlẹ̀, ó sì sunkún. Nígbà tí Bùọ̀dá Láńre ní ó tó, kò dákẹ́. "Àǹtí mi, ó ti tó, a ti rí i yà." Kò dákẹ́. Wọ́n ti ń ká wáyà nílẹ̀ kó tó dìde lọ bu oúnjẹ fún wọn.

Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà ni kásẹ́ẹ̀tì dé. Ìjọ kún pálọ̀ wa fọ́fọ́, àwọn kan wà lórí àtẹ̀gùn. Nígbà tí Bàbá Akọrin sọ ọ̀rọ̀ yẹn, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n ní ká dá a padà ká tún un wò. Òun náà ń mi orí bí ẹni tó ti inú ara rẹ̀ hu ọ̀rọ̀ náà. Ìgbà tí a tún un wò ni mo gbọ́ ọ: kí ohùn ńlá yẹn tó jáde, ohùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan máa ń ṣáájú rẹ̀, láti ibi tí kò sí ẹnì kankan. Ẹ̀rọ wọn ti gbọ́ màámi. Mo wo ojú àwọn èèyàn, kò sí ẹni tó fura. Nígbà tó kan ẹkún, gbogbo wọn ké: "Háà, Mummy! Ẹ mọ ẹkún sun o!" Màámi wà ní kíṣìnì, ó ń dín dòdò, kò yọjú. Lára orúkọ tó ń gòkè níparí, ti Bàbá Akọrin wà níbẹ̀, ti bàbá mi tó yá wọn ní pálọ̀ náà wà níbẹ̀. "Ìyá Ìyàwó" wà níbẹ̀, wọn ò kọ ẹni tó ṣe é.

Láti ọjọ́ náà, màámi ò hun ọ̀rọ̀ kankan nídìí abọ́ mọ́. Omi nìkan là ń gbọ́. Ó ti di ọdún mẹ́rin tó kú, a ò sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ rí, èmi pẹ̀lú rẹ̀. Ó dùn mí wọ akínyẹmí ara.

Ẹ má wulẹ̀ sọ fún mi pé ayé ti yí padà. Mo mọ̀. Obìnrin ń darí fíìmù báyìí, obìnrin ń fi owó ara wọn ya á, mo sì ń wo iṣẹ́ wọn, inú mi ń dùn. Àmọ́ ẹ ṣe mí lóore kan: fíìmù tí ẹ bá tún fẹ́ wò, ẹ pa ohùn rẹ̀, kí ẹ fi ojú lásán ka iye ọkùnrin àti iye obìnrin nínú àwọn tí ẹnu wọn ń mì àti nínú àwọn tí omi ń bọ́ lójú wọn. Ti òyìnbó o, ti Yorùbá o, ẹ kà á wá. Fíìmù tiwa náà ti wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ti tún ohùn rẹ̀ ṣe, ó dán. Mo fi ìgbọ́hùn sí etí méjèèjì, mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹrin. Ohùn tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn ò sí níbẹ̀ mọ́. Wọ́n ti fọ̀ ọ́ dànù mọ́ ariwo.

Lọ́jọ́ Ajé, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tuntun ìjọ wa, nọ́ọ̀sì ni, ọmọ dáadáa, ráhùn lórí WhatsApp ìjọ pé bọ́ọ̀sì tún já òun sílẹ̀ sínú òjò. Ẹnì kan fi sítíkà dá a lóhùn: obìnrin kan lórí eékún, gèlè ti wọ́, ẹnu là, omijé dé àgbọ̀n. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọn ò mọ̀ ọ́n, báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ mọ̀ ọ́n? Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "Ìyá mi nìyẹn. Mojísọ́lá lorúkọ wọn."

Ọmọ náà ló fèsì: "Yéè, ẹ má bínú o, Mummy, a ò mọ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n mọ ẹkún sun gan-an o."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ pé kì í ṣe ẹkún ni wọ́n mọ̀, ọ̀rọ̀ ni wọ́n mọ̀, èmi ni mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n sun ún. Mo kà á lẹ́ẹ̀kan, mo pa á rẹ́. Mo wá kọ pé, "Ẹ ṣé."