Ohun Tí Mo Tu Sínú Abọ́

Ìyá Ìjọ ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ẹ̀gbẹ́dá ni ó kọ́kọ́ bà mí lórúkọ jẹ́, òun náà ni màá sì fi bẹ̀rẹ̀. Ó dìde láàárín ìpàdé àwọn obìnrin, ó fọwọ́ kan di gèlè rẹ̀ mú kó má baà yẹ̀, ó ní obìnrin kan wà nínú wa tó tu ẹ̀jẹ̀ Jésù sínú abọ́. Kò dárúkọ mi. Kò nílò rẹ̀, nítorí gbogbo ojú ló yí sọ́dọ̀ mi. Wọ́n ní a kì í sọ̀rọ̀ òkú láìdáa. N kò sọ ọ́ láìdáa. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni mò ń sọ. Nígbà tó wà láyé, "wọ́n" ni mo máa ń lò fún un, bó ti yẹ kí ọmọdé bọ̀wọ̀ fún àgbà. Nínú ìwé yìí "ó" ni màá lò, nítorí èmi náà ti dàgbà ju bó ṣe dàgbà nígbà náà lọ, mo sì rò pé ó tó bẹ́ẹ̀.

Ó yẹ kí n kọ́kọ́ sọ bí ọtí ṣe wọ ọ̀rọ̀ ayé mi, èmi tí bàbá mi jẹ́ olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi ní Èkìtì, tí ìgò bíà kan kò gbọdọ̀ kọjá ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Kẹ́mísìrì ni mo kà ní yunifásítì. Mo ríṣẹ́ sí láàbù ìjọba kan lọ́nà Ọ̀ṣọ́dì, níbi tí a ti ń yẹ oúnjẹ àti ohun mímu wò kí wọ́n tó dé ọjà. Èmi àti ọkọ mi, tó jẹ́ tíṣà, gba yàrá méjì sí Ẹ̀gbẹ́dá, nígbà tí oko ẹ̀gẹ́ ṣì wà lẹ́yìnkùlé ilé tí a háyà. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí mo débi iṣẹ́, ọ̀gá mi, bàbá kan tó kù díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì, bu wáìnì díẹ̀ sínú ife, ó gbé e sí mi níwájú. Mo nawọ́ sí irinṣẹ́. Ó gbá mi lọ́wọ́.

"Imú rẹ ńkọ́? Àbí o fi í sílé ni?"

Mo gbóòórùn ọtí náà, mo ní ó ń rùn bí ọtí.

"Mo mọ̀ pé ọtí ni mo bù. Kí lo gbọ́?"

Ìbéèrè yẹn ló sọ mí di ohun tí mo dà. Ó yá mi ní ìwé kan tí àwọn òyìnbó fi ń kọ́ ara wọn nípa wáìnì, ṣùgbọ́n gbogbo èso tí wọ́n dárúkọ níbẹ̀, n kò jẹ ọ̀kan rí. Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ pé ọtí kan ń ta sánsán bí èso tí n kò fojú rí? Mo ra ìwé kékeré kan, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ohun tí imú tèmi mọ̀ sínú rẹ̀. Wáìnì kan rùn bí agbálùmọ̀ tó ti pọ́n jù. Òmíràn dà bí ìyeyè tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa. Ọ̀kan wà tó ń fún ahọ́n pọ̀ bí obì, ọ̀kan sì korò ní ìparí bí omi tí a mu lé awùsá. Mo kọ nípa ọ̀kan pé ó ń rùn bí inú àpótí aṣọ ìyá mi, n kò sì mọ bí mo ṣe lè sọ ìyẹn yé òyìnbó. Òfin kan ṣoṣo ni ọ̀gá mi fún mi: tọ́ ọ wò, yí i kiri ẹnu, tu ú. Ẹni tó bá ń gbé e mì, tó bá fi máa dé ìgò kẹrin, gbogbo wọn ló máa dùn lẹ́nu rẹ̀. Ọtí tí mo tu láàárín ọdún mélòó kan á kún àgbá, n kò sì yó lẹ́ẹ̀kan. Ọkọ mi a máa sọ fún àwọn tíṣà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé, "Ìyàwó mi nìkan ni ọ̀mùtí tí kì í mutí."

N kò ní purọ́, ìmọ̀ náà gun orí mi. Lọ́jọ́ Kérésìmesì kan, onílé wa fi wáìnì ṣe wá lálejò. Mo gbé ife sókè síbi ìmọ́lẹ̀, mo fi imú sí i, mo ní, "Oòrùn ti pa ìgò yìí, sà." Ọkọ mi já mi léèékánná lábẹ́ tábìlì. Onílé ní, "Ẹ ṣé o, Màdáàmù. Ẹ ṣá máa mu ún bẹ́ẹ̀ jàre." Mo rò pé mo ràn án lọ́wọ́ ni. Ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ nǹkan dà bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra bàtà, ó fẹ́ kí gbogbo ilé gbọ́ bó ṣe ń dún.

Nígbà tó yá, ìjọba ológun fòfin de ọ̀pọ̀ ọjà òkè òkun, wáìnì sì di àwárí. Àlùfáà wa, ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá sí Ẹ̀gbẹ́dá, ń bomi la èyí tó kù fún Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa, débi pé àwọ̀ rẹ̀ kò ju ti omi tí a fi ṣan ife lọ. Nígbà náà ni Ìyá Ìjọ dìde lọ́jọ́ Ìsinmi kan, ó ní Ọlọ́run ti pèsè, ọ̀rẹ́ òun kan ti kó wáìnì dé láti òkè òkun. Gbogbo ìjọ dúpẹ́. Nígbà tí mo kúnlẹ̀ nídìí pẹpẹ, tí ago kàn mí, ahọ́n mi mọ̀ ọ́n kí ọkàn mi tó gbàdúrà. Ìsápá pupa ni, èyí tí àwọn ará òkè ọya fi ń ṣe sóbò, pẹ̀lú ṣúgà àti kànáfùrù. Mo gbé e mì, nítorí a kì í tu ohun tí a ti yà sí mímọ́. Mo sì pa ẹnu mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi èyí sọ́kàn: mo pa ẹnu mọ́.

Ìgò kan ló tú àṣírí. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ṣì ń hó bí ẹmu nígbà tí wọ́n dé e pa, ó sì bú gbàmù nínú kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n ń kó aṣọ pẹpẹ sí, gbogbo aṣọ funfun di pupa. Àlùfáà ránṣẹ́ pè mí lọ́sàn-án Ọjọ́rú. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ ń yẹ nǹkan wò fún ìjọba. Ẹ bá wa yẹ eléyìí wò, mà, kó má lọ jẹ́ ohun tó máa pa ìjọ." Ó ṣí ìgò mìíràn tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbàdúrà sí. Mo ní kó fún mi ní abọ́, ó gbé abọ́ tánganran kan wá. Mo gbóòórùn ìgò náà, mo tọ́ ọ wò, mo yí i kiri ẹnu, mo tu ú.

"Ìsápá ni, sà," mo sọ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ohùn tí mo fi ń ka àbájáde iṣẹ́ fún ọ̀gá mi. "Kò sí èso àjàrà kan nínú rẹ̀."

Àwọn àgbà ní kí a máa fi ẹ̀jẹ̀ sínú, kí a tu itọ́ funfun jáde. Èmi tu pupa, ojú ẹlòmíràn ni mo sì ti tu ú. Nígbà tí mo gbójú sókè, Ìyá Ìjọ dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, òdòdó pẹpẹ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ̀jẹ̀ Jésù lo tu sínú abọ́ yẹn?"

"Ẹ má bínú, mà. Wọn ò tíì gbàdúrà sí i."

"Mo bi ọ́ ni, àbí n ò bi ọ́?"

Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti dákẹ́. Ṣùgbọ́n mo ní, "Mà, kò lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ Jésù. Kò tilẹ̀ tíì di wáìnì."

Àlùfáà rẹ́rìn-ín. Ó yára fọwọ́ bo ẹnu, ṣùgbọ́n ó ti rín in. Èmi ni mo sì jẹ ìyà ẹ̀rín yẹn.

Lẹ́yìn ìpàdé àwọn obìnrin tí mo ti sọ, àwọn àgbà ìjọ pè mí, wọ́n ní kí n ṣì yẹra fún tábìlì Olúwa ná, títí ọ̀rọ̀ yóò fi tutù. Oṣù mẹ́sàn-án ni kò fi tutù. Ó lè jẹ́ nǹkan kékeré lójú ẹlòmíràn. Láti ọjọ́ tí bíṣọ́ọ̀bù ti gbọ́wọ́ lé mi lórí ní Èkìtì, n kò pa oúnjẹ Olúwa jẹ rí, àfi ìgbà tí mo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Bàbá mi ló kọ́ mi bí a ti ń fi àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún lé tòsì láti gba àkàrà náà. Nísinsìnyí mo ń ká ẹsẹ̀ kò lórí bẹ́ǹṣì kí àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lè kọjá lọ síbi tí èmi kò gbọdọ̀ lọ. Àwọn ọmọ àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní Ìyá Ọlọ́tí. Àlùfáà tó fúnra rẹ̀ ránṣẹ́ pè mí ń wo ilẹ̀. Ohùn tó fi ń wàásù, n kò mọ ibi tó gbé e sí. Ọkọ mi ní kí a lọ sí ọ̀kan nínú àwọn ìjọ tuntun tó ń yọ bí olú lójú ọ̀nà Ìpájà. Mo kọ̀. Bí mo bá lọ, mo ti gbà pé mo tu ohun tí wọ́n ní mo tu.

Síbẹ̀, bí mo bá ń ka oore tí mo rí láyé, oṣù mẹ́sàn-án yẹn ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá mi rí bí mo ṣe ń rù, ó ní, "Níwọ̀n ìgbà tí wọ́n ti pè ọ́ ní ọlọ́tí, kúkú jẹ́ kí wọ́n rí nǹkan kà." Mo mú nínú ohun tó wà nínú ìwé kékeré mi, mo kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn kan. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde, wọ́n ní kí n mú òmíràn wá. Wáìnì kò sí lọ́jà, nítorí náà mo bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí Ìgàndó láàárọ̀ Sátidé láti kọ nípa ẹmu, nígbà tí ọ̀pẹ ṣì pọ̀ níbẹ̀. Adẹ́mu kan, ọmọ onílẹ̀, ló kọ́ mi.

"Ẹmu kì í purọ́, Màdáàmù. Láàárọ̀ ló ń dùn, lọ́sàn-án ló ń le, ìrọ̀lẹ́ ló ń kan. Bí wọ́n bá gbé ti ìrọ̀lẹ́ fún yín tó ṣì ń dùn, ṣúgà ni wọ́n fún yín."

Mo tọ́ ẹmu rẹ̀ wò, mo yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láti tu ú. Ó di apá mi mú.

"Ẹ má tu ẹmu mi sílẹ̀ jàre. Ọ̀pẹ ń wò yín."

Mo gbé e mì. Ó ju ọdún mẹ́wàá lọ tí mo fi kọ̀wé sínú ìròyìn náà, nípa ẹmu, nípa ọtí ṣẹ̀kẹ̀tẹ́, àti nípa wáìnì nígbà tó padà sọ́jà. Àwọn obìnrin tí n kò mọ̀ rí kọ lẹ́tà sí mi pé àwọn náà ti ń gbóòórùn nǹkan kí àwọn tó mu ún. Bí wọ́n bá gbà mí láyè nídìí pẹpẹ, n kì bá tí kọ ìlà kan.

Nígbà tí oṣù mẹ́sàn-án pé, wọ́n gbé àlùfáà lọ síbòmíràn. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó fi ń dágbére, ó dúró lórí àga ìwàásù, ó nawọ́ sí mi, ó ní, "Èmi ni mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n tọ́ ọ wò. Kò sí àdúrà lórí ìgò náà. Ẹ̀rù yín ló bà mí tí mo fi dákẹ́." Nígbà tó tó àkókò, ó sọ̀ kalẹ̀ láti ibi pẹpẹ, ó gbé ago wá bá mi níbi tí mo jókòó sí lẹ́yìn. N kò mọ bí wáìnì yẹn ṣe rí lẹ́nu. Ẹkún kò jẹ́ kí n mọ̀. Ìyá Ìjọ kò gbórí sókè. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, "Ẹ káàárọ̀, mà" àti "Káàárọ̀" nìkan ló wà láàárín wa.

Ó ṣàìsàn nígbà tó yá, ọmọ rẹ̀ sì gbé e lọ sílé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ sí Ayọ̀bọ̀. Mo lọ kí i. Kí n sọ òtítọ́, n kò lọ fún ìkíni. Mo lọ gba "Má bínú" mi. Ó ní kí n jókòó.

"Kò sí ọ̀rẹ́ òkè òkun kankan," ló wí. "Èmi ni mo sè é. Mo gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta kí n tó fọwọ́ kan ìkòkò. Mi ò fẹ́ kí ago Olúwa gbẹ lójú mi. O wá tu ú bí ẹni tu ọbẹ̀ tó kan, ẹ̀yin méjèèjì fi mí rẹ́rìn-ín." Ó yíjú sí mi. "Ṣé kò tiẹ̀ dáa rárá ni?"

N kò mọ̀ ju iṣẹ́ mi lọ, nítorí náà iṣẹ́ mi ni mo fi dá a lóhùn. Mo ní àwọ̀ rẹ̀ dára ju ti ọ̀pọ̀ wáìnì tó ti inú ọkọ̀ ojú omi dé láàbù wa lọ. Mo ní kíkan rẹ̀ mọ́, kò gún ọ̀fun, ṣúgà rẹ̀ kò pọ̀ jù, kànáfùrù rẹ̀ ni kò sì jẹ́ kí n gbàgbé rẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá. Mo ní bó bá jẹ́ pé ó fi í sílẹ̀ kó hó tán kó tó dé e ni, ìgò kankan kì bá tí bú, ó sì ṣeé ṣe kí n ti kọ̀wé nípa rẹ̀.

Ó kú kí ọdún yẹn tó parí. Mo ti fẹ̀yìn tì tipẹ́, imú mi kò mú bíi ti àtijọ́ mọ́, àwọn ìwé kékeré mi sì kún àpótí kan. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá mi, lọ́wọ́ ọkọ mi, lọ́wọ́ adẹ́mu tó di apá mi mú. Àlùfáà náà, mo ti dárí jì í, mo sì ń rán ara mi létí lóòrèkóòrè pé mo ti dárí jì í. Ìyá Ìjọ náà, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sọ "Má bínú" tí mo tìtorí rẹ̀ dé Ayọ̀bọ̀. Nígbà tí mo parí ọ̀rọ̀ mi lọ́jọ́ náà, ó kàn mi orí lẹ́ẹ̀mejì, ó fa ìbora rẹ̀ sókè, ó sì bi mí pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́ pé, "Kí ló wá dé tí o ò sọ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí mo dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn?"