Kóòṣì Tí Ẹgbẹ́ Rẹ̀ Kò Borí Rí

Ní àwọn ọdún 1980, kóòṣì ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù kọ́lẹ́ẹ̀jì wa ní Manchester kú. Àwa tí a máa ń lọ wòran wọn kó ara wa jọ sí pálọ̀ ìyàwó rẹ̀ ní àdúgbò Moss Side. Wọ́n ní obìnrin náà kò tíì sunkún láti ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ ti lọ.

A kì í sọ̀rọ̀ òkú láìdáa, nítorí náà bí ẹnì kan ṣe ń ka góòlù tó ní ẹgbẹ́ rẹ̀ gbá wọlé ni ẹlòmíràn ń fi kún un. Opó náà kàn ń mi orí.

Ìyàwó mi, tó máa ń fọ jẹ́sì wọn, ló dá wa dúró. Ó ní, “Ẹ̀yin ọkùnrin yìí, ta ni wọ́n nà rí? Àǹtí, bí wọ́n bá ti nà wọ́n tán, ọkọ yín á kó wọn wá sílé wa, wọ́n á sì máa jẹ ìrẹsì mi bí ẹni tó gba ife ẹ̀yẹ.”

Opó náà bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, “Òun gan-an nìyẹn.” Omijé sì dé.

Lọ́dún tó kọjá, níbi ìrántí ìyàwó mi tó ti ṣaláìsí, gbogbo èèyàn ń yin ìrẹsì rẹ̀. Mo dìde, mo ní ó máa ń jóná. Ẹ̀rín àwọn ọmọ wa ló jẹ́ kí èmi náà rí ẹkún sun.