Ibo Ni Omi Ọkọ̀ Gàní Ń Gbà Lọ?

Ní ọdún 1993, ẹ̀dá méjì ló ń mumi jù ní àdúgbò Ṣàngó, ní Ìlọrin: àwọn tó ń mọ búlọ́ọ̀kù ní ìkóríta, àti ọkọ̀ Gàní. Àwọn oníbúlọ́ọ̀kù tiẹ̀ máa ń sinmi ní ọjọ́ Jímọ̀.

Akọ̀wé ìjọba ni Gàní, ẹni tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó máa ń há báírò mẹ́ta sí àpò àyà bí ẹni pé ìjọba yóò dojú dé tí ọ̀kan bá tán. Ọkọ̀ rẹ̀, ọkọ̀ àlòkù ni. Ó ti dàgbà débi pé ká ní òṣìṣẹ́ ìjọba ni, wọn ìbá ti fún un ní ìwé ìfẹ̀yìntì láti ìgbà tí náírà ṣì lágbára. Ṣùgbọ́n Gàní fẹ́ràn rẹ̀, nítorí òun ló fi ń gbé ìyá rẹ̀ lọ sí Malete.

Gbogbo ọjọ́ Àlàádì, tí ilé iṣẹ́ bá ti wà ní títì, Ìyá Gàní á jókòó sí iwájú ọkọ̀, tẹ̀sùbáà á wà lọ́wọ́ rẹ̀, kẹ́tùlù àlùwàlá á wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, wọ́n á sì forí lé Malete lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan ṣoṣo tó kù láyé. Ìyá Malete ni gbogbo ilé ń pe ẹ̀gbọ́n yìí. Ojú rẹ̀ ti fọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò gbé e mọ́, òun nìkan ló sì kù tó ń pe Ìyá Gàní ní Jummai, orúkọ tí bàbá wọn sọ ọ́.

Ohun tó ń ba Gàní láyé jẹ́ ni omi. Yóò rọ omi kún rẹdíétọ̀ ní Ṣàngó, kó tó yípo ìlú dé Ọ̀fà Garage, rẹdíétọ̀ á ti gbẹ táútáú. Ràkúnmí tó bá rí ọkọ̀ yìí á tọrọ gáfárà. Kẹ́ẹ̀gì omi mẹ́rin ló máa ń wà nínú búùtù, àwọn ọmọ àdúgbò sì ti ń bi í bóyá omi ló ń tà.

Èyí tó burú jù ni pé omi náà kì í kán sílẹ̀. Bàṣírù mẹkáníìkì, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́bàá Ọ̀fà Garage, tẹ́ páálí sábẹ́ ọkọ̀ náà láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Nígbà tó fa páálí náà jáde, ó yẹ̀ ẹ́ wò síwá sẹ́yìn.

“Ẹ̀gbọ́n, abẹ́ ọkọ̀ yín gbẹ ju ọ̀fun aláàwẹ̀ lọ.”

“Ibo wá ni omi ń gbà lọ?”

“Ẹ̀n-ẹ́n! Ìyẹn gan-an ni ìbéèrè.”

“Bàṣírù, èmi ni mo bi ọ́! Kì í ṣe ìwọ lo máa bi mí!”

Bàṣírù kì í ṣe ẹni tó ń sọ pé òun ò mọ nǹkan. Ó pààrọ̀ họ́ọ̀sì, ọkọ̀ mumi. Ó pààrọ̀ pọ́ǹpù omi, ọkọ̀ tún mu sí i. Ó gbé rẹdíétọ̀ lọ fún àwọn tó ń jó o, wọ́n jó o títí tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ojú jíjó ló pọ̀ ju rẹdíétọ̀ lọ. Níkẹyìn ó ní ẹ́ńjìnnì ló ń mu omi náà sínú. Ó tú u kalẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́jọ, ó pàtẹ rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹran Iléyá. Nígbà tó tò ó padà, nọ́ọ̀tì mẹ́ta ṣẹ́kù lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ti ibo nìwọ̀nyí?” Gàní bi í.

“Àwọn tó ṣe ọkọ̀ ló fi ṣe sàárà, ẹ̀gbọ́n. Kò sí nǹkan tó wà fún.”

Lẹ́yìn ìyẹn, gbogbo ẹni tó bá ń kọjá ní garage di ẹ́ńjíníà. Ẹni tó ń lẹ táyà ní kí wọ́n bu gààrí sí rẹdíétọ̀, pé gààrí á wú, á dí ihò. Obìnrin tó ń bó ọsàn ní rárá, ẹyin ni. Ibi ẹyin ni Bàṣírù fì sí. Ó fọ́ mẹ́ta sí i. Fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko, ọkọ̀ Gàní ń rùn bí ibi tí wọ́n ti ń dín ẹyin, ebi sì ń pa ẹni tó bá wọ̀ ọ́. Omi ò dúró.

Nǹkan méjì wà ní gbogbo àsìkò yìí tí Gàní ò sọ fún Bàṣírù, torí lójú tirẹ̀, ọ̀rọ̀ ilé ni. Kápẹ́ẹ̀tì iwájú, níbi tí ìyá rẹ̀ ń gbé ẹsẹ̀ lé, máa ń tutù rinrin. Gíláàsì iwájú náà sì máa ń ṣú láti inú, bí ìgbà téèyàn mí sí dígí. Gàní ti dá ẹjọ́ méjèèjì nínú ara rẹ̀ tipẹ́: kẹ́tùlù Ìyá ló ń da omi sílẹ̀, àdúrà tí Ìyá ń gbà wúyẹ́wúyẹ́ ló sì ń bo gíláàsì. Ó kàn ń gbé ọ̀rọ̀ náà mì ni.

Ọjọ́ tó pọ̀ ọ́ jáde, Àlàádì kan ni nínú oṣù kẹta, nígbà tí oòrùn Ìlọrin ń yan èèyàn bí ẹ̀pà. Wọ́n ti dé ìdajì ọ̀nà Malete nígbà tí èéfín bo bọ́nẹ́ẹ̀tì. Gàní sáré lọ sí búùtù. Kẹ́ẹ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti ṣófo. Kò sí ilé nítòsí, kò sí odò, màlúù Fúlàní kan péré ló ń wò wọ́n.

“Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní kẹ́tùlù yín.”

“Omi àlùwàlá mi?”

“Tí mọ́tò ò bá mumi, a ò ní dé Malete.”

Ìyá Gàní ṣe bísímílà, ó gbé e fún un. Gàní dà á sí rẹdíétọ̀. Ó dà á, kò pẹ́, ó ti tán. Ó gbọn kẹ́tùlù náà, ó yọjú wo ìdí rẹ̀ bí ẹni ń wo kànga. Ibẹ̀ ni gbogbo ohun tó ti ń gbé mì láti oṣù mẹ́rin gbà jáde.

“Ìdajì! Ìdajì péré ló kù ńbẹ̀! Ìdajì yòókù wà nínú kápẹ́ẹ̀tì mi! Ẹ wo ẹsẹ̀ yín nínú ẹrẹ̀! Omi yín ń ba mọ́tò mi jẹ́, èémí yín ń bo gíláàsì mi, ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, Ìyá, ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀!”

Màlúù náà gan-an gbójú kúrò.

Ìyá Gàní kọ́kọ́ ka tẹ̀sùbáà ọwọ́ rẹ̀ dé orí ìlẹ̀kẹ̀ tó gbẹ̀yìn.

“Gàní.”

“Ìyá.”

“Ìdajì ni mo máa ń pọn, kó má baà dà sí ọ ní mọ́tò.”

Ó bọ́ sílẹ̀. Bọ́ọ̀sì kan ń bọ̀ tó ń lọ sí Malete, ewúrẹ́ lórí rẹ̀, ewúrẹ́ nínú rẹ̀. Ìyá Gàní na ọwọ́ sí i.

“Ìyá, pẹ̀lú orúnkún yín yìí? Nínú ewúrẹ́?”

“Orúnkún mi ò jò,” ló dáhùn. Ó gbé ẹsẹ̀ kan sínú bọ́ọ̀sì, ó tún bojú wẹ̀yìn. “Àlàádì tó ń bọ̀ tí a ní ká lọ gbé ẹ̀gbọ́n mi wá máa gbé lọ́dọ̀ wa, má ṣèyọnu. Bọ́ọ̀sì náà ni màá fi gbé e.”

Ọ̀rọ̀ yẹn ló lé oorun lójú Gàní. Nígbàkígbà tó bá pa ojú dé, Ìyá Malete ni ó ń rí, arúgbó tí ò ríran, tí ò lè dúró, tí wọ́n há sáàárín ewúrẹ́ méjì, tí gbogbo èrò sì ń bèèrè pé, “Ṣé ìyá yìí ò lọ́mọ ni?” Ó ta ọkọ̀ náà ní ìpá, ọkọ̀ náà sì ṣe é léṣe ní ọmọ-ìka ẹsẹ̀.

Nígbà tó di ọjọ́ Àlàrùbá, ìyàwó rẹ̀, Kàdíját, gbé kápẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ náà jáde pé kí òun fọ̀ ọ́. Kò pẹ́ tó fi ké sí ọkọ rẹ̀.

“Bàbá Àbdùlkàdírì, ẹ wá wo nǹkan.”

“Mo mọ̀ pé ó tutù, Kàdíját. Má tún dá mi lágara.”

“Ọjọ́ wo ni Ìyá jókòó síbẹ̀ kẹ́yìn?”

“Àlàádì.”

“Òní jẹ́ Àlàrùbá. Oòrùn tó ń gbẹ jíǹsì kí n tó sá a tán, ṣé òun ni ò lè gbẹ kápẹ́ẹ̀tì fún ọjọ́ mẹ́ta? Ẹ̀yin sì ń gbé mọ́tò yìí lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́, kò sí kẹ́tùlù nínú rẹ̀.” Ó fún kápẹ́ẹ̀tì náà sínú abọ́ funfun kan. Omi tó jáde pọ́n bíi ṣóbò, ìpẹtà sì rọ̀ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. “Àbí ìpẹtà ni Ìyá fi ń ṣe àlùwàlá?”

Gàní jókòó sórí àtẹ̀gùn. Ó mọ àwọ̀ yẹn. Àwọ̀ yẹn ló ti ba ṣẹ́ẹ̀tì mẹ́rin jẹ́ fún un lórí rẹdíétọ̀.

Ó gbé abọ́ náà lọ bá Bàṣírù, ó rọra ń rìn la àárín garage kọjá bí ẹni gbé ẹ̀rí lọ sí kóòtù. Bàṣírù ti ìka bọ̀ ọ́, ó gbóòórùn rẹ̀.

“Omi ẹ́ńjìnnì ni. Ibo lẹ ti rí i?”

“Nínú kápẹ́ẹ̀tì.”

Bàṣírù wọlé sábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló kù níta. Ó tú bọ́ọ̀dù kan, ó fa ike kan ya, lẹ́yìn náà ló wá kígbe láti inú ibẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n! Mọ́tò yín ní rẹdíétọ̀ méjì o!”

“Kí ni èkejì ń ṣe ńbẹ̀?”

“Ìlú òtútù ni wọ́n ti ṣe é. Omi gbígbóná ẹ́ńjìnnì ló ń gba inú kékeré yìí kọjá, kí ara lè máa yá àwọn tó jókòó. Òun ló ti jẹrà, tó ń sun sí kápẹ́ẹ̀tì. Oru rẹ̀ ló ń bo gíláàsì.”

“Kí ara ta ni lè máa yá? Ní Ìlọrin? Nínú oṣù kẹta?”

“Èmi rò pé ti rédíò ni.”

“Ọdún mélòó lo ti ń tún mọ́tò yìí ṣe?”

“Ó máa pé mẹ́fà,” ni ẹsẹ̀ Bàṣírù dáhùn.

Họ́ọ̀sì méjì ló ń gbé omi lọ síbi ẹ̀rọ náà. Bàṣírù yọ wọ́n, ó so wọ́n mọ́ra, ó parí. Kò gbà á tó ìṣẹ́jú ogún. Lẹ́yìn pọ́ǹpù, lẹ́yìn ẹyin mẹ́ta, lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì tí wọ́n pàtẹ bí ẹran! Gàní wa ọkọ̀ náà yí Ìlọrin po lẹ́ẹ̀mejì, omi ò fi ìka kan dín. Ó yẹ kó dunnú. Ńṣe ni inú túbọ̀ ń bí i, torí kò tún rí ẹni tó máa dá lẹ́bi àyàfi ara rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ó dọ̀bálẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà yàrá ìyá rẹ̀.

“Ìyá, mo ti rí ibi tí omi ń gbà lọ.”

“Ṣé ọ̀dọ̀ mi ni?”

“Rárá, Ìyá. Ẹ̀rọ kan ni, lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù.”

“Ẹ̀rọ náà ńkọ́? Ṣé o ti pariwo mọ́ ọn lójú títì?”

Gàní fi iwájú orí kan ilẹ̀. “Ẹ foríjì mí, Ìyá. Ẹ má fi bọ́ọ̀sì gbé Ìyá Malete.”

Ìyá Gàní gbé tẹ̀sùbáà rẹ̀ sílẹ̀. “Nítorí ẹ̀gbọ́n mi, màá wọ mọ́tò rẹ. Ṣùgbọ́n omi mi ò ní wọ̀ ọ́.”

Ní ọjọ́ Àlàádì, ẹ̀yìn ni Ìyá Gàní jókòó sí. Agolo mílíìkì kan wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, yanrìn tí wọ́n sẹ́ kúnná wà nínú rẹ̀.

“Kí nìyẹn, Ìyá?”

“Tàyámọ́mù ni màá fi ṣe.”

“Ìyá, àlùwàlá oníyanrìn kò sí fún ẹni tí omi wà nítòsí rẹ̀. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi.”

“Omi wo ló wà nítòsí mi? Èyí tó ń ba mọ́tò jẹ́?”

Gàní forí lé Malete. Gíláàsì mọ́ kedere, gééjì dúró sójú kan, síbẹ̀ kò sí ìgbà tí wọ́n bá gun òkè kékeré kan tí ohùn ò ní ti ẹ̀yìn wá: “Gàní, ṣé kí n mí?”

Nígbà tí wọ́n ń bọ̀ láti Malete, wọ́n tẹ́ Ìyá Malete sí ẹ̀yìn, Ìyá Gàní wá di ẹni iwájú tipátipá. Ibi tí wọ́n ti jà gan-an ni àkókò Àlásàrí ká wọn mọ́. Gàní dúró. Oṣù mẹ́rin nìyí, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tó jẹ́ pé Gàní ló dúró, tí kì í ṣe ọkọ̀.

Ìyá Gàní bọ́ sílẹ̀, ó ṣí agolo.

“Jummai,” Ìyá Malete béèrè láti ẹ̀yìn, “kí ló ń dún ṣàràṣàrà yẹn?”

“Yanrìn ni.”

“Omi ò sí ni?”

Gàní lọ sí búùtù. Kẹ́ẹ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kún bámúbámú, ọkọ̀ ò tíì fẹnu kan ọ̀kan. Ó mú kẹ́tùlù ìyá rẹ̀ jáde lábẹ́ àkísà kan, èyí tó ti yọ́ gbé láti ilé, ó rọ omi sí i.

“Ìdajì ni mo pọn, Ìyá.”

Ó lóṣòó níwájú rẹ̀, ó ń da omi náà sí i lọ́wọ́. Ìyá Gàní ò kọ̀ ọ́. Ó fọ ẹnu, ó bọ́jú, ó na ẹsẹ̀ sí i ọ̀kọ̀ọ̀kan. “Ọ̀tún la fi ń ṣáájú. Má rọ ọ́ sí mi láṣọ, èmi kì í ṣe rẹdíétọ̀.” Gàní bomi fún Ìyá Malete náà níbi tó wà.

Lẹ́yìn ìrun, Ìyá Gàní padà sí iwájú, ó gbé kẹ́tùlù sáàárín ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì bíi tàtijọ́. Ó wá mú agolo rẹ̀, ó sì da gbogbo yanrìn inú rẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì tí Kàdíját fi ọjọ́ méjì fọ̀.

“Tí omi mi bá tún dà,” ó ní, “yanrìn á fà á.”

Gàní wo kápẹ́ẹ̀tì náà. Ó ṣíná sí ọkọ̀.